Àṣẹ Tí Túnráyọ̀ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tẹ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Túnráyọ̀ Adégbìtẹ́ fi jókòó sínú yàrá kan náà ní Dùgbẹ̀, ní àjà kẹta ilé kan tó kọjú sí Cocoa House. Èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà, òun ni wọ́n fi sídìí tẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí kò bá mọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ ńlá kan ni tó ń pariwo bí ẹni ń fi òkúta lu páànù. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ sí i ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà á sì máa tẹ ara rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Lọ́ńdọ̀n. Ohun tó bá tẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ máa ń wà lára ìwé kejì tó wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù, Túnráyọ̀ á sì tò ó sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Kọ́ńpìnnì wa ń wa kùsà. Kùsà ni yanrìn dúdú tí wọ́n ń yọ́ di tánganran, èyí tí wọ́n fi ń bo ara agolo mílíìkì kó má baà dógùn-ún. Nítòsí Bùkúrù lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ni kòtò kùsà náà wà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni àwọn tó ni ín ń gbé. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn òyìnbó ta ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò kòkó mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ rà á. Wọ́n mọ kòkó dunjú. Ní ti kùsà, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló dé ibi kòtò náà rí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì dé ibẹ̀. Wọ́n ní bàtà funfun ló wọ̀ lọ.

Bùkúrù yẹn ni wọ́n bí Túnráyọ̀ sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó bá àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ ta aṣọ lókè Ọya, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, Àdìó tó jẹ́ àkọ́bí, àti Túnráyọ̀. Ìyá wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àdìó, mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí Ìbàdàn kó lè kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Àdìó kò bá wọn wá. Ó ti wọ iṣẹ́ kùsà látìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó fẹ́ Títílọpẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, ó sì di fọ́máànù. Òun ló kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé wọ́n ń wá ẹni tó lè lo tẹ́lẹ́ẹ̀sì ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà á, Àdìó fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì kòtò, nítorí àtilè máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti parí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì, á fi ìlà kan sí i: ó kí Màmá, tàbí pé òjò kò jẹ́ kí òun sùn, tàbí pé ọmọ òun ti ń rìn.

Túnráyọ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yára bínú. Agbowó ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nínú yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí ìyá náà ń lọ. Mo ti bá wọn jẹun níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyá Àdìó kì í pe ọmọ rẹ̀ ní Túnráyọ̀. Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é. Á ti ẹ̀yìnkùlé ké e pé, "Àyọ̀ká! Àyọ̀ká mi!" obìnrin tó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n á sì sáré dìde bí ọmọdé.

Ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ni iye tí wọ́n ń ra kùsà ní Lọ́ńdọ̀n máa ń wọlé. Túnráyọ̀ á ya ìwé náà, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye náà sára pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ Akínsànyà. Iye náà kì í wálẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wa kùsà ti dá àjọ sílẹ̀, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, àjọ yìí ló sì ń ra èyí tí ọjà kò bá rà. Ó dà bí ìgbà tí àwọn oníṣu bá ń fi owó ẹgbẹ́ ra iṣu ara wọn kó má baà di ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Brazil kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, kùsà tiwọn sì ń ya wọ ọjà. Àwọn tó ń ṣe ọtí inú agolo pàápàá ti ń lo irin mìíràn. Ọ̀gá Akínsànyà kàwé nípa iṣẹ́ yìí, ó mọ̀ pé kò lè pẹ́ kó tó já. Ó sọ ọ́ fún àwọn mẹ́ta náà nígbà ìpàdé. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Akínsànyà, ṣé ohun tó wà lára pátákó ni ká gbà gbọ́ ni, àbí ohun tó wà nínú ìwé rẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé alájà mẹ́rin sí Ring Road, tí yóò jẹ́ ọ́fíìsì tuntun.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, Àdìó tẹ̀ ẹ́ wá pé pọ́ǹpù kejì ti dákẹ́. Kòtò náà jìn tó ilé alájà márùn-ún, bí pọ́ǹpù kò bá sì fa omi, omi á máa rin ìdí ògiri ilẹ̀ náà. Ọ̀gá Akínsànyà béèrè owó pọ́ǹpù tuntun. Wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù, owó ti wà lára ilé Ring Road. Ní oṣù Kẹjọ, Àdìó tún tẹ̀ ẹ́ wá: ògiri apá ìlà-oòrùn ti ń là. Túnráyọ̀ mú ìwé náà wọlé fún ọ̀gá, ó jáde, ó jókòó, ó tẹ èsì: Ẹ fara dà á. Ó wò mí, ó ní, "Fọláyọ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń fara da ilẹ̀ tó ń là?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lápá ìparí oṣù Kẹwàá, agogo mọ́kànlá lù, ohunkóhun kò wọlé. Túnráyọ̀ wo okùn ẹ̀rọ náà, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́. Ó ti nu iye àná kúrò lára pátákó, ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lu agogo kan ni ẹ̀rọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí dún, ìlà kan ṣoṣo ló sì tẹ̀: kò sí iye fún kùsà lónìí, wọ́n ti dá ọjà rẹ̀ dúró.

Ọ̀gá jáde síta, ó wo pátákó tí nǹkan kan kò sí lára rẹ̀. Orí àga àlejò ló jókòó sí.

"Owó àjọ ti tán," ó ní. "Wọ́n ti ra kùsà ra kùsà títí owó fi tán lọ́wọ́ wọn."

"Ìgbà wo ni ọjà máa ṣí, sà?" Túnráyọ̀ béèrè.

"Ìgbà tó bá ṣí, ìdajì iye àná la ó máa wá."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mẹ́ta náà pé jọ. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n ti kòtò náà pa kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n báńkì tó yá wọn lówó ilé Ring Road ń béèrè owó rẹ̀. Wọ́n wá rántí pé kùsà tó dára jù nínú kòtò náà wà ní ìdí ògiri ìlà-oòrùn. Àwọn òyìnbó kò fọwọ́ kàn án nítorí pé ilẹ̀ ìdí yẹn gan-an ló gbé ògiri dúró. Àṣẹ tí wọ́n pa ni pé kí wọ́n wa ìdí náà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá gbé ìwé àṣẹ náà fún Túnráyọ̀. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Túnráyọ̀ wọ takisí lọ sílé ọ̀gá ní Bódìjà. Ó bá a níbi tó ti ń fọ mọ́tò fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ti dá dírẹ́bà rẹ̀ dúró. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi.

Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ̀ ń rán lọ sábẹ́ ògiri yẹn."

"Dìde, Túnráyọ̀."

"Ẹ sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe."

"Mo ti sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi níwájú wọn." Ó fún aṣọ tó fi ń nu mọ́tò, ó tún un fún. "Bí mo bá kọ̀, wọn á fi ẹlòmíràn sípò mi. Bí ìwọ náà bá kọ̀, Fọláyọ̀ á tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tó sọ èyí fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń wo ojú mi. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ ọ́. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé, ọkọ mi kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo yí ojú sí ẹ̀rọ mi, mo ń to bébà tí kò nílò títò.

Túnráyọ̀ jókòó sídìí tẹ́lẹ́ẹ̀sì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ó pe Bùkúrù, Àdìó dáhùn, ó sì tẹ àṣẹ náà láti òkè délẹ̀. Nígbà tó parí, kò gbé ọwọ́ kúrò. Èdè òyìnbó ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n bó ṣe já sí nìyí. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má wọ ibẹ̀ fúnra yín. Ẹ rán àwọn yòókù.

Èsì wá: Èmi ni fọ́máànù. Mi ò lè rán ọmọ ọlọ́mọ síbi tí èmi ò lè dé. A ó rọra ṣe é. Kí Màmá.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ògiri náà wó. Mo ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ nígbà tí tẹ́lẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí dún, Túnráyọ̀ sì dìde lọ wò ó. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Bùkúrù kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń jáde. Ògiri ti wó. Èèyàn mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ àkọ́kọ́ jáde, ọmọ Bùkúrù ni. Ìkejì jáde, òun náà ọmọ ibẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, Túnráyọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dúró, ó ń tẹ̀ lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó ti mọ̀ kí n tó gbé e kúrò.

Èmi àti àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn la tẹ̀lé e lọ sọ fún ìyá. Ìyá Àdìó kò ké. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìka fa etí ẹní náà bí ẹni ń tú u. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló béèrè: "Ta ló ní kí wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀?"

Túnráyọ̀ ní, "Kọ́ńpìnnì ni, Màmá."

Wọ́n sin Àdìó sí Bùkúrù, níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Túnráyọ̀ lọ, ó dé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Orin tó máa ń kọ tẹ́lẹ̀ bó bá ń tẹ̀wé, kò kọ ọ́ mọ́. Ọkùnrin kan wà ní Challenge, Wándé ni wọ́n ń pè é, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó sì ti ń wá fẹ́ ẹ láti bí ọdún méjì. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìsìnkú náà. Túnráyọ̀ kò rí ọ̀rọ̀ bá a sọ, òun náà kò sì wá mọ́.

Nínú oṣù Kejìlá, ọ̀gá pè mí pé kí n wá tẹ lẹ́tà kan. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwakùsà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́tà náà sọ pé kọ́ńpìnnì kò mọ nǹkan kan nípa wíwa ìdí ògiri ìlà-oòrùn. Pé fọ́máànù Àdìó Adégbìtẹ́ ló dá a ṣe láìgba àṣẹ, nítorí ìfẹ́ owó. Pé òun ló pa àwọn méjì yòókù. Ọ̀gá kò lè wojú mi nígbà tó ń pè é jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo mú un fún un, ó fọwọ́ sí i.

Mo ti dákẹ́ nígbà kan. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi ẹ̀dà lẹ́tà náà sábẹ́ aṣọ mi, mo tẹ̀lé Túnráyọ̀ dé ibi tí a ti ń wọ takisí, mo sì fún un. Ó kà á lórí ìdúró. Ó bi mí pé, "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

Ó tẹrí ba. Kò bínú. Ó ní, "Àwa méjèèjì náà ni."

Ẹ̀dà àṣẹ ọjọ́ Ajé yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ló lè wẹ orúkọ Àdìó mọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìwé kan náà ni ìlà tí Túnráyọ̀ fi sí i wà: Ẹ rán àwọn yòókù. Ẹni tó bá ka òkè á ka ìsàlẹ̀. Àwọn yòókù náà ti kú, wọ́n sì ní òbí. Mo ní kó gé ìsàlẹ̀ ìwé náà sọnù. Ó ní bí òun bá gé e, èsì Àdìó náà á bá a lọ, èsì yẹn ló sì fi hàn irú èèyàn tó jẹ́.

Ó ní ìyá òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ó bẹ̀ mí kí n wà níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ìyá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ àdúrà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Túnráyọ̀ kà á fún un ní Yorùbá, àṣẹ, ìlà tirẹ̀, èsì Àdìó.

"Ọwọ́ ta ló tẹ̀ ẹ́?" ni ìyá béèrè.

"Ọwọ́ mi ni, Màmá."

Ìyá na ìka sí ìwé náà. Ó wá ní, "Tún ibi tó ti dáhùn kà."

Túnráyọ̀ tún un kà.

"Ó ní kí o kí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ò sì kí mi. O mọ̀ pé ibi tó ń lọ nìyẹn, o wálé lọ́jọ́ Ajé yẹn, a jọ jẹun." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Àwọn méjì tó bá a kú, ṣé wọ́n ní ìyá?"

"Wọ́n ní, Màmá."

"Lọ fún wọn ní ìwé náà. Lọ, Túnráyọ̀."

Mo gbọ́ ọ. Túnráyọ̀ náà gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, bí olùkọ́ ṣe ń pe ọmọ ilé-ìwé.

Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń wádìí bí ògiri náà ṣe wó jókòó ní Jọ́ọ̀sì nínú oṣù Kìíní ọdún 1986. Túnráyọ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kó dìde ka ìwé náà sókè, kí ẹnì kan máa túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún àwọn òbí tó wà níbẹ̀. Nígbà tó dé ìlà tirẹ̀, ògbufọ̀ dúró, ó wò ó bóyá kó fò ó. Túnráyọ̀ gbọ́ Hausa láti kékeré. Ó túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú dìde, ó kó ìbòrí rẹ̀, ó rọra jáde, kò sì padà wọlé. Túnráyọ̀ sọ fún mi pé ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kó gbá òun létí.

Ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé Àdìó kò lẹ́bi, pé Ìbàdàn ni àṣẹ ti wá. Ibẹ̀ ló parí sí. Nígbà tí ìwé yẹn fi máa jáde, kọ́ńpìnnì ti kógbá sílé, báńkì ti gba ohun tó kù, àwọn mẹ́ta náà ti padà sídìí kòkó wọn. Títílọpẹ́ aya Àdìó kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ọ̀gá Akínsànyà wá sí Agbowó lẹ́ẹ̀kan láti tọrọ àforíjì. Ìyá Àdìó fún un ní omi mu, kò bá a sọ̀rọ̀. Ilé Ring Road dúró bẹ́ẹ̀ láìní òrùlé, àwọn fúlìkánáísà ń kó táyà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi rí iṣẹ́ sí ilé-ìwé kan. Túnráyọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré nítòsí géètì Yunifásítì, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé. Bí a bá gbé iṣẹ́ wá, ó máa ń kọ́kọ́ kà á tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa kùn pé ó ń pẹ́. Kò yí padà.

Ìyá rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1987, ó ní ilẹ̀ Ìbàdàn kò gba òun mọ́. Oṣooṣù ni Túnráyọ̀ ń lọ kí i. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ le lọ́dún kejì, mo bá a lọ. A wẹ ìyá náà, a pa aṣọ dà fún un. Mò ń retí kó pe oríkì yẹn, mo ń gbàdúrà sí i nínú mi. Ó di Túnráyọ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Túnráyọ̀, o ṣeun." Ó kú lọ́jọ́ kẹta.

Lẹ́yìn ọdún kan sí i, Túnráyọ̀ lọ kí Títílọpẹ́ àtàwọn ọmọ ní Bùkúrù, ó sì ní kó mú òun dé ibi kòtò náà. Òun kò fojú kàn án rí látìgbà tó ti wó. Nígbà tó padà dé Ìbàdàn, ó sọ fún mi pé kò sí kòtò mọ́. Omi òjò ọdún mẹ́rin ti kún un, ó ti di adágún aláwọ̀ búlúù, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ sí etí rẹ̀, àwọn kan ń fi omi rẹ̀ bomi rin ọ̀dùnkún. Ó bi Títílọpẹ́ pé apá ibo ni ògiri náà wà. Títílọpẹ́ nawọ́ sí òdìkejì omi. Ó wò ó díẹ̀, ó ní rárá, ó tún nawọ́ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó ní kò dá òun lójú mọ́.